Ta Ló Pa Agogo Lẹ́nu Mọ́?

Ohùn dísìkì kọ̀ǹpútà náà ti yí padà. Láàárọ̀, nígbà tí Elétí kọ́kọ́ so ó mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ńṣe ló ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni tó ń fi èékánná kan ìgò. Ní báyìí tí oòrùn ti ń gòkè, ó ti di kẹ́, kẹ́, kà. "Kà" yẹn gan-an ni Elétí kò fẹ́ gbọ́.

"Kí ló ń wí?" Ìyá Sùúrù bi í láti orí àpótí tó jókòó lé.

"Ó ní ó ti rẹ òun, mà."

"Sọ fún un kó ní sùúrù. Èmi náà ti rẹ̀ mí."

Ọdún kẹrìnlá rèé tí Elétí ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kí ó tó tú nǹkan kan, á kọ́kọ́ gbé etí lé e bí dókítà tó ń yẹ àyà aláìsàn wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Ìyá Sùúrù ní tirẹ̀, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè jókòó níwájú òpùrọ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìgbóhùn sókè, títí irọ́ á fi sú ẹni tó ń pa á.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn jókòó sójú kan kì í ṣe kékeré. Ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń kó ẹja pamọ́ sínú yàrá yìnyín. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n bá òkú ọkùnrin tó ń wọn ẹja, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Oníwọ̀n, nínú yàrá náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta, ọwọ́ ilẹ̀kùn tinú sì ti kán tipẹ́. Káàdì ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn, òun náà ni wọ́n fi ń tì í. Káàdì Olùṣọ́, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ni wọ́n bá nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Olùṣọ́ àti Oníwọ̀n sì ti bá ara wọn jà lójú gbogbo ayé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Kí lọlọ́pàá tún ń wá? Wọ́n gbé Olùṣọ́ jù sí àtìmọ́lé. Láago méjì ọ̀sán òní ni wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹni tí wọ́n bá sì gbé débẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìpànìyàn, ó di ẹ̀wọ̀n títí ẹjọ́ á fi parí.

Olùṣọ́ ní Máníjà ló gba káàdì náà lọ́wọ́ òun ní Ọjọ́bọ̀, pé òun fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní Máníjà náà ló rán òun lọ sí géètì ẹ̀yìn lọ́jọ́ Ẹtì, láti dúró de ọkọ̀ ẹja kan tí kò dé. Máníjà ní irọ́ ni, pé láago mẹ́ta lòun ti lọ sílé lọ́jọ́ náà, òun kò sì padà. Ẹnu méjì, ọ̀rọ̀ méjì. Kọ̀ǹpútà kan wà lọ́fíìsì tó ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo káàdì tó kan ilẹ̀kùn èyíkéyìí, àmọ́ ọjọ́ tí Oníwọ̀n kú gan-an ni kọ̀ǹpútà náà kú.

"Iná ńlá ló dé lójijì, ló bá bà á jẹ́," ni Máníjà wí.

Nígbà tí Ìyá Sùúrù gbé dísìkì inú rẹ̀ wá, Elétí yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Iná kọ́, mà. Ohun tíná bá jó máa ń rùn, bọ́ọ̀dù rẹ̀ á sì dúdú níbì kan. Ẹ wo èyí bó ṣe mọ́ tónítóní. Inú dísìkì, ẹ rò ó bí àwo tó ń yí, tí abẹ́rẹ́ kan ń fò lókè rẹ̀ láìkàn án. Bí èèyàn bá gbé kọ̀ǹpútà ṣánlẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ á gbá àwo. Ohun tó ń dún yìí nìyẹn. Wọ́n là á mọ́lẹ̀ ni."

Ìyá Sùúrù mú bírò. Ó fa ìlà sábẹ́ orúkọ Máníjà nínú ìwé rẹ̀.

*

Iṣẹ́ Elétí rọrùn láti sọ, ó le láti ṣe. Kò gbọdọ̀ máa wá ohun tó fẹ́ kiri nínú dísìkì tó ń kú lọ. Ó ní láti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú dísìkì tó yè, díẹ̀díẹ̀, láti orí dé ìdí, kó fo ibi tó bá ti bàjẹ́. Eruku ọ̀tá ni, nítorí náà ó ti fi ọ̀rá lẹ fèrèsé kan ṣoṣo tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ìmìtìtì náà ọ̀tá ni. Ara férémù ilẹ̀kùn onírin ni wọ́n fi iná jó tábìlì onírin rẹ̀ mọ́, kí olè má baà gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn yẹn ti gbá dísìkì nìyẹn.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ni Máníjà fúnra rẹ̀ yọjú. Ọkùnrin tó sanra díẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Màdáàmù sọ fún mi pé ibí lẹ wà. Ṣé ó ń jẹ́ bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀?"

"Ó ń jẹ́ díẹ̀díẹ̀, sà," ni Elétí fèsì. Ó fẹ́ràn kó máa ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. "Ìdá mẹ́rìnlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún la ti rí kó."

"Á à, ẹ gbìyànjú. Tíná bá wá lọ lójijì báyìí ńkọ́?"

"Háà! Tíná bá lọ báyìí, ó di gbére nìyẹn. Abẹ́rẹ́ yẹn kò ní lè gbéra mọ́. Àfi tí…"

Ìyá Sùúrù tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ tó kù padà sínú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Ọlọ́run má jẹ́ kíná lọ," ni Máníjà wí. Ó kí wọn tán, ó bá tirẹ̀ lọ.

*

Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà ni Ìyá Sùúrù ti fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò láàárọ̀ kùtù, kó tó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ ọ́ fún Elétí bí wọ́n ti ń dúró.

"Mo bi í pé, agogo tó wà nínú yàrá yìnyín, èyí tí ẹni tí ilẹ̀kùn bá há mọ́ máa tẹ̀, ibo ló ti ń dún? Ó ní lórí kọ̀ǹpútà òun ni, èyí tó bàjẹ́ yẹn. Mo ní, ṣé ó dún lọ́jọ́ Ẹtì? Ó ní òun kò mọ̀, òun ti lọ sílé kí aago márùn-ún tó lù. Ó ní Máníjà sọ fún gbogbo wọn pé agogo náà ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá."

"Ṣé ẹ gbà á gbọ́?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tó purọ́, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Ẹni tẹ́rù bà náà, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Ọwọ́ kò mọ ìyàtọ̀."

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà tí ohun kan fi dún lára ilẹ̀kùn. Kò dún púpọ̀. Kìṣì. Lẹ́yìn náà ni fáànù dáwọ́ dúró, gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Elétí fò dìde. Ó yíjú sí dísìkì. Ó ṣì ń dún, kẹ́, kẹ́, kà. Bátìrì ńlá tó wà lábẹ́ tábìlì ti gba iṣẹ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké pípì, pípì.

"Bátìrì yẹn, á gbé e tó ìgbà wo?" Ìyá Sùúrù bi í.

"Ogún ìṣẹ́jú. Bóyá kó má tó bẹ́ẹ̀, ó ti darúgbó." Ó yọ́ lọ sídìí ilẹ̀kùn onírin, ó fi ìka kan tì í wò. Kò mì. Àgádágodo tó máa ń so rọ̀ síta ní ṣíṣí ni ẹnì kan ti tẹ̀ pa. Elétí alára ló ní kí wẹ́dà fi irin bo àgádágodo náà yípo, kí olè má baà ráyè gé e. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí ọwọ́ ẹni tó wà nínú ṣe lè dé ibi ihò rẹ̀.

"Wọ́n ti wá mọ́lé," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì ti fẹ́ẹ́ rí bíi ti ọmọdé. Elétí kì í lè gbé ibi tí wọ́n bá tì. Bó bá wọ lífíìtì pàápàá, ńṣe ló máa ń ka iye àjà títí yóò fi jáde. "Iná náà tún lọ."

"Iná kò lọ. Fetí sílẹ̀."

Lódìkejì ògiri, rédíò onígbàjámọ̀ ń pariwo, ẹ̀rọ tó fi ń gẹrun sì ń kùn bí oyin.

"Àdúgbò níná," ni Ìyá Sùúrù wí. "Àwa nìkan la kò ní. Ẹnì kan ló yọ fíúsì lára mítà rẹ. Ẹni náà kò sì ṣòro mọ̀. Gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn ni mo sọ fún pé àgọ́ ọlọ́pàá ni dísìkì wà. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ibí yìí fún."

Elétí la ẹnu. "Máníjà! Èmi gan-an ni mo sì sọ fún un pé bíná bá lọ…"

"Mo fẹ́ kó o sọ ọ́. Ti bátìrì ni n kò fẹ́ kó mọ̀, ni mo fi tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀."

"Ṣé ẹ wá ń lò mí bí ìdẹ ni, mà?"

"Rárá o. Dísìkì ni ìdẹ. Ìwọ ni ìwọ̀."

Ìyá Sùúrù kò rẹ́rìn-ín. Ooru ti ń gorí ara wọn. Ó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́, inú Elétí sì dùn pé ó fẹ́ gbá a kí onígbàjámọ̀ gbọ́. Àfi bó ṣe rántí.

"Ẹ má gbá a, mà! Tábìlì!"

Ọwọ́ Ìyá Sùúrù dúró lófuurufú. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Bí wọ́n bá gbá ilẹ̀kùn, dísìkì á kú. Bí wọ́n bá pe ẹnikẹ́ni pé kó wá ṣí i, irin náà á mi jìgìjìgì, dísìkì á kú. Ó ku kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sínú ihò tí ẹlòmíràn gbẹ́ fún wọn.

"Jẹ́ ká gbà pé ẹ̀wọ̀n la wà," ni Ìyá Sùúrù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí àwa bá sáré jáde, ẹni tí kò ṣẹ̀ ló máa wọ ibẹ̀ rọ́pò wa. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí sájẹ́ǹtì rẹ̀: Má jẹ́ kí wọ́n gbé Olùṣọ́ kúrò. Máa bọ̀ níbí. Dúró sọ́nà jíjìn.

*

Fáànù tó ń fẹ́ dísìkì ti kú pẹ̀lú iná. Elétí fọwọ́ kàn án, ó ti ń gbóná. Ìyá Sùúrù ya èèpo fáìlì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìyá tó ń fẹ́ ọmọ tí ibà mú. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn òun alára, kò nù ún.

"Ìdá mọ́kànlélọ́gọ́ta," ni Elétí ka. "A kò ní lè parí ẹ̀."

"Àkọsílẹ̀ ilẹ̀kùn ńkọ́? Ibo ló wà?"

"Ó jìnnà, ó kù díẹ̀ kó kan ìdí. Àkójọ orúkọ tó wà níwájú dísìkì ti sọ ibi tó jókòó sí fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí abẹ́rẹ́ aláàárẹ̀ yìí fò láti ibí débẹ̀, ó lè dá lójú ọ̀nà."

"Bí o kò bá ní kó fò ńkọ́?"

"Bátìrì á kú kí a tó débẹ̀."

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ."

Elétí rò pé ì bá sàn kó pàṣẹ fún òun. Ó nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó dá ẹ̀dà tó ń ṣe dúró, ó tẹ àwọn nọ́ńbà tuntun wọlé. Dísìkì náà dákẹ́. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Kò tilẹ̀ dún kẹ́ mọ́. Elétí pàápàá gbàgbé láti mí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ké "kà!", ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ìlà lórí ìlà.

"Ó ti mú un! Ọjọ́ Ẹtì. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún: káàdì Olùṣọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá yìnyín."

Ìyá Sùúrù kò dáwọ́ fífẹ́ dúró. "Máa kà á."

"Márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún: agogo yàrá yìnyín. Márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún: agogo." Ó gbé ojú sókè. "Mà, agogo yẹn kò bàjẹ́."

"Máa kà á."

"Ìṣẹ́jú kẹtàlélógún: agogo. Lẹ́yìn rẹ̀… wọ́n pa ohùn agogo. Ẹni tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà láti pa á…" Ó sún mọ́ ojú ẹ̀rọ. "Akọ̀wé ni."

Bátìrì ń ké. Obìnrin tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n! Elétí ti fẹ́ sọ pé òun ti mọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lórí àwọn ìlà tó ń já bọ̀. Wọ́n ti pa ohùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Oníwọ̀n kò mọ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Agogo. Agogo. Agogo. Nígbà mìíràn ìṣẹ́jú kan á kọjá, nígbà mìíràn á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin léra wọn. Elétí ń kà á nínú ara rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ògiri ṣọ́ọ̀bù ń sún mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Èyí tó kẹ́yìn, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun kan mọ́.

"Elétí."

"Mà."

"Sunkún tó bá yá. Géètì ńlá ni mo ń wá báyìí. Ta ló wọlé, ta ló jáde?"

"Ṣebí a ti rí i? Akọ̀wé ni!"

"Orúkọ Akọ̀wé la rí. Káàdì Olùṣọ́ náà la rí, ṣé Olùṣọ́ ló wá dì í mú? Ọwọ́ ọlọ́wọ́ ni ọlọ́gbọ́n fi ń mú ejò. Mo bi Akọ̀wé láàárọ̀ pé ta ló fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tó fi ń ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ní Máníjà ló ṣe é fún gbogbo wọn. Wá géètì fún mi."

Bátìrì ti yí ohùn padà, ó ń ké láìmí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Elétí tún tẹ nọ́ńbà. Abẹ́rẹ́ náà fò, ó ṣubú, ó tún gbéra. Ìlà kan jáde, méjì bàjẹ́, òmíràn jáde.

"Máníjà jáde láago mẹ́ta. Òótọ́ ló sọ! Akọ̀wé jáde, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ibi tó ti padà. Márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjì…" Ohùn rẹ̀ já. "Máníjà wọlé. Mà, ó padà wá!"

"Ìgbà wo ló tún jáde?"

"Ibẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ dúró. Ẹ dúró… Kò tíì jáde tí àkọsílẹ̀ fi parí, ní aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ìyá Sùúrù dáwọ́ fífẹ́ dúró. Ó fi èèpo fáìlì lélẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Oníwọ̀n tẹ agogo kẹ́yìn ní méje ku mẹ́tàlá," ló sọ. "Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà dáwọ́ kíkọ dúró, ọkùnrin yẹn kò sì tíì jáde. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń wo agogo náà títí tó fi dákẹ́. Ìgbà náà ló wá gbé kọ̀ǹpútà là mọ́lẹ̀."

Dísìkì dún "kà" lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ha bí òkúta lórí páànù, ó sì kú. Bátìrì kú tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà ti wà nínú dísìkì kejì, ó sì ti wà lójú lápútọ́ọ̀pù Elétí, tó ń fi bátìrì tirẹ̀ tàn.

"Ó yá," ni Ìyá Sùúrù wí. "Gbá ilẹ̀kùn."

*

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni Elétí tíì gbá a tí ẹnì kan fi sáré wá síta. Kì í ṣe onígbàjámọ̀.

"Háà, Màdáàmù! Ta ló ti yín mọ́bí?" Máníjà ni. Ẹ̀rín wà nínú ohùn rẹ̀ bó ṣe máa ń wà. "Mo kàn ń kọjá lọ ni. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Elétí ti kọ́kọ́rọ́ sí i lábẹ́ ilẹ̀kùn, Máníjà ṣí i. Atẹ́gùn wọlé. Elétí bọ́ sójú títì, ó fọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, ó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú odò.

"Ẹ ṣeun o," ni Ìyá Sùúrù wí.

"Kò tọ́pẹ́. Dísìkì yẹn wá ńkọ́? Ṣé ó kú nígbà tíná lọ?"

"Ó kú."

"Áà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó mà ṣe o."

"Iná wo?"

"Ẹn?"

"Iná wo ló lọ? Onígbàjámọ̀ ń gẹrun. Rédíò rẹ̀ ń ké. Obìnrin tó ń lọta lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ rẹ̀ ń yí. Gbogbo òpópónà níná. Ta ló sọ fún yín pé tiwa lọ?"

Ẹ̀rín Máníjà kò tètè mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, ó ṣì dúró sójú rẹ̀ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ojú náà ti yí padà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Sájẹ́ǹtì ti sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ bá mi tú àpò yín síta, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìyá Sùúrù wí, láìgbóhùn sókè.

Fíúsì funfun kan jáde láàárín ìnujú àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Máníjà ń wò ó bí ẹni tí kò mọ bó ṣe débẹ̀.

"Oníwọ̀n ló kó èyí bá ara rẹ̀," ló sọ níkẹyìn. "Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má fi ìwé ìwọ̀n òtútù yẹn han àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba lọ́jọ́ Ajé. Ẹja tó rọ̀ tí a tún fi sí yìnyín, ta ni kì í ṣe é? Kò gbọ́."

"Òun kọ́ ni kò gbọ́," ni Ìyá Sùúrù dá a lóhùn. Ó ṣẹ́wọ́ sí sájẹ́ǹtì pé kó kó ṣẹkẹṣẹkẹ wá.

*

Wọ́n dá Olùṣọ́ sílẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó Oníwọ̀n wá sí ṣọ́ọ̀bù Elétí pẹ̀lú Ìyá Sùúrù. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, kò fẹ́ jókòó.

"Wọ́n ní ẹ ka ohun tí ọkọ mi ṣe gbẹ̀yìn," ló sọ. "Mo fẹ́ rí i."

Elétí wo Ìyá Sùúrù. Ó ti ń wá irọ́ kékeré kan tó lè tu obìnrin náà lára. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà mi orí fún un, ni Elétí bá mú ìwé tó ti tẹ̀ jáde lé obìnrin náà lọ́wọ́.

Obìnrin náà fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́, ó ń fà á sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò sunkún. Nígbà tí ìka rẹ̀ dé ìdí ìwé, ó gbé e padà sókè, ó tún un kà.

"Níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n ní ọtí ló mu tó fi sùn síbẹ̀," ló sọ. "Wọ́n ní kò mọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ mi náà ti gbọ́ ọ." Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. "Ọkọ mi kò sùn."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun fẹ́ tètè délé káwọn ọmọ tó ti ilé ìwé dé.